Súwẹ́tà Tí Wọ́n Fi Sin Eilert

Àwọn ẹyẹ dé, ṣùgbọ́n wọn kò gun òkè. Ohun tó ń jẹ Ragnfrid lọ́kàn nìyẹn láti ìgbà tí ó ti gbé kọfí kaná. Ó dúró sójú fèrèsé ilé ìdáná, ó ń wò wọ́n lórí omi: pẹ́pẹ́yẹ òkun tó lọ súà, àwọn akọ funfun lẹ́yìn, dúdú níkùn, àwọn abo aláwọ̀ ilẹ̀ bí ẹni tí wọ́n da erùpẹ̀ sí lára. Wọ́n ń léfòó lọ, wọ́n ń léfòó bọ̀ níwájú erékùṣù Skarvær, àwọn akọ sì ń ké "a-ùú, a-ùú" bí àwọn àgbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbọ́ òfófó tó dùn. Bí ìgbì bá ti gbé wọn dé etí òkúta, wọn a na ọrùn, wọn a wo ilé, wọn a sì tún padà sójú agbami.

"Wọ́n ń wá a," ni Ragnfrid wí.

"Ta ni wọ́n ń wá?" Olea ló béèrè láti orí àga rẹ̀, ohùn rẹ̀ sì ròkè débi pé ṣíbí mì nínú ife.

"Ẹ jọ̀ọ́, ọkọ mi, ẹ rọra. Wọ́n ti gbọ́ yín ní Iceland báyìí."

Olea yìí ni ẹ̀gbọ́n Eilert, ọkọ Ragnfrid. Ó ti lé lọ́gọ́rin ọdún, etí rẹ̀ ọ̀tún ti di, ẹnu rẹ̀ ni kò tíì rẹ̀. Skarvær ni wọ́n bí i sí, ṣùgbọ́n láti ìgbà tí ó ti lọ sílé ọkọ ní ìlú ńlá, ìsìnkú nìkan ló máa ń gbé e wá sí agbègbè yìí. Lọ́dún yìí, lẹ́yìn tí wọ́n sin Eilert tán, ó ní òun kò ní jẹ́ kí ìyàwó òun dá nìkan lọ sí erékùṣù. Ragnfrid dúpẹ́ títí. Nígbà tó fi máa di ọjọ́ kẹta, ó ti ń rò ó lọ́kàn pé àbí òun ì bá ti dá nìkan wá.

Ìdí ni pé ariwo lolórí èèwọ̀ ní Skarvær nígbà ẹyẹ. A kì í sá aṣọ síta kí afẹ́fẹ́ máa fì í. A kì í kan ìṣó. A kì í wọ pupa, a kì í sáré, ajá kì í sì í fẹsẹ̀ tẹ ibẹ̀. Kí ọmọ ibẹ̀ tó mọ̀wé kà ló ti mọ bí wọ́n ṣe ń fọwọ́ bo ẹnu rẹ́rìn-ín.

Ẹyẹ ìgbẹ́ sì ni wọ́n o, kí ẹnikẹ́ni má rò pé adìyẹ ni. Kò sẹ́ni tó ń fún wọn lóúnjẹ, kò sẹ́ni tó ni wọ́n. Gbogbo ìgbà òtútù, orí òkun ni wọ́n ń sùn, nínú ìjì tó ń ṣí òrùlé. Ṣùgbọ́n bí yìnyín bá ti yọ́ tán, àwọn abo a máa fẹsẹ̀ ara wọn rìn wá sẹ́nu ọ̀nà èèyàn, nítorí pé idì àti ẹyẹ ìwò tó ń jẹ wọ́n lẹ́yin ń bẹ̀rù wa. Ẹ̀yìn wa ni wọ́n ń sá sí. Àwọn ará Skarvær náà a sì máa kọ́lé fún wọn, ilé kéékèèké, òmíràn olókùúta, òmíràn onípákó, wọn a tẹ́ ewé òkun gbígbẹ sínú rẹ̀. Ẹyẹ á wọlé, á máa tu ìhùùhù àyà ara rẹ̀ láti fi wé ẹyin. Bí ó bá pamọ tán, tó kó wọn lọ sómi, ìhùùhù náà di ti onílé.

Kò sí ohun tó fúyẹ́ tó o láyé yìí. Di ojú rẹ kí wọ́n bu ẹ̀kúnwọ́ kan lé ọ lọ́wọ́, o ò ní mọ̀ pé o mú nǹkan dání, àfi ooru tí yóò máa gun apá rẹ bọ̀ díẹ̀díẹ̀. Iṣẹ́ Ragnfrid ni láti máa ṣa pàǹtí kúrò nínú rẹ̀ ní ìdí fèrèsé, ó sì ti ṣe é dàgbà. Títí di òní, bí ó bá ti ki ọwọ́ bọ inú rẹ̀, ẹnu a tún yà á.

Nígbà kan, ilé kún Skarvær, ilé-ẹ̀kọ́ wà, wọ́n ń sá pánlá sórí igi títí dé etí omi. Ìjọba wá ní kí wọ́n kó lọ sí ilẹ̀ ńlá níbi tí iná àti dókítà wà. Wọ́n kó lọ. Àwọn ẹyẹ dé ní ọdún kejì, wọ́n bá ilẹ̀kùn ní títì, wọ́n rìn yí ilé ká, wọ́n sì lọ. Wọn kò wá mọ́. Eilert gbọ́ ọ̀rọ̀ náà lẹ́nu apẹja kan, kò sì sùn dáadáa mọ́ láti ọjọ́ náà. Nígbà tí ó gbé Ragnfrid níyàwó, ohun àkọ́kọ́ tó bá a sọ ni pé kí wọ́n lọ ṣí ilé. Láti ìgbà náà ni wọ́n ti ń lọ lọ́dọọdún, àwọn ẹyẹ sì padà, díẹ̀díẹ̀, títí ilé kò fi tó wọn mọ́.

Àṣà ibẹ̀ ni pé ẹnìkan ló ń bẹ àwọn ẹyẹ wò láti ilé dé ilé, aṣọ kan ló sì ń wọ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Bí ó bá pààrọ̀ aṣọ, àjèjì ló dà lójú wọn. Eilert ni ẹni náà. Súwẹ́tà eérú kan tí Ragnfrid hun fún un ni aṣọ náà, tí wọ́n ti lẹ ìgbúnwọ́ rẹ̀ lẹ́mẹ̀ẹ́wàá. Nígbà tí ó wá kú ní ìgbà òtútù tó kọjá, tí olùtọ́jú òkú ní kí wọ́n mú kóòtù àti táì wá, Olea ló na ìka sókè.

"Àbúrò mi ò ní fi táì lọ bá Ọlọ́run," ló wí. "Táì ò bá a lára mu rí. Ẹ wọ aṣọ ẹyẹ rẹ̀ fún un."

Ragnfrid ní ọ̀rọ̀ náà dára. Hallvard, ọmọ rẹ̀ kan ṣoṣo, ní ó dára. Pásítọ̀ fi wàásù, gbogbo ṣọ́ọ̀ṣì sunkún, wọ́n ní ìsìnkú tó yẹ ẹni ni. Nínú gbogbo àgbà tó jókòó nínú ṣọ́ọ̀ṣì lọ́jọ́ náà, tí wọ́n bí wọn láàárín ẹyẹ, tí wọ́n mọ èèwọ̀ ẹyẹ bí wọ́n ṣe mọ Àdúrà Olúwa, kò sí ọ̀kan tó béèrè pé kí ni ẹni tó kù máa wọ̀ lọ bá àwọn ẹyẹ.

Hallvard ló fi ọkọ̀ gbé àwọn obìnrin méjèèjì wá. Kó tó padà, ó dúró lórí èbúté, ó ń fọwọ́ yí fìlà.

"Màmá, bàbá ni àwọn ẹyẹ yìí mọ̀. Mi ò lè máa jí wo òkun ní gbogbo ìgbà tí afẹ́fẹ́ bá fẹ́, kí n máa ronú pé ẹ wà níbí. Mo máa padà wá ní ọjọ́ kejì Àjọ̀dún Orílẹ̀-èdè. Bí ẹyẹ kan bá ti wọlé, ẹ dúró. Bí ò bá sí, a ó kan ilẹ̀kùn pa, ó parí nìyẹn."

"Ẹyọ kan?"

"Ẹyọ kan péré, Màmá. Èmi náà kì í ṣe ìkà."

Ragnfrid gbà. Nígbà náà, ẹyọ kan jọ ohun tí kò tó nǹkan lójú rẹ̀.

Ní báyìí tí àjọ̀dún ti kù sí dẹ̀dẹ̀, ó gbé ife kọfí sílẹ̀, ó wọ yàrá lọ. Nígbà tí ó jáde, Olea wò ó láti òkè dé ilẹ̀, ó sì gbé ọwọ́ bo ẹnu. Ragnfrid ti wọ súwẹ́tà eérú tuntun kan tí ó rà nílùú, ó wọ ṣòkòtò Eilert, ó de ìgbànú mọ́ ọn lẹ́ẹ̀mejì, ó wọ bàtà rọ́bà rẹ̀ tí ó ki ìbọ̀sẹ̀ kún, ó sì fa fìlà rẹ̀ bo etí.

"Ẹ má rẹ́rìn-ín," ni Ragnfrid wí.

"Ta ló ń rẹ́rìn-ín?" Ejìká Olea ń gbọ̀n. "Káàárọ̀ o, àbúrò mi. O mà ti rù o."

Ragnfrid fa fìlà náà wálẹ̀ sí i. Ó ṣílẹ̀kùn pẹ̀lẹ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í rìn lọ sétí omi. Eilert a máa wọ́ ẹsẹ̀ òsì díẹ̀, òun náà ń wọ́ ẹsẹ̀ òsì. Eilert a máa dúró níbi òkúta pẹlẹbẹ, á tẹ orí, á kó ọwọ́ sẹ́yìn. Òun náà dúró, ó tẹ orí, ó kó ọwọ́ sẹ́yìn. Àwọn abo mélòó kan ti wà ní tòsí, omi kò ju ìbàdí wọn lọ. Wọ́n gbé ọrùn sókè. Fún ìṣẹ́jú kan Ragnfrid rò pé wọ́n ti gbà. Ó tún gbé ẹsẹ̀ kan sí i.

Lójijì gbogbo wọn gbéra. Kì í ṣe àwọn tó wà nítòsí nìkan, gbogbo agbo náà ni, ìyẹ́ wọn ń lu omi pàù pàù pàù, wọ́n fò kọjá lórí òkúta, wọ́n sì lọ balẹ̀ sí ibi tó jìnnà débi pé wọn kò ju ẹ̀kún àtẹ́lẹwọ́ ata dúdú lọ lójú omi. Ragnfrid dúró síbẹ̀ nínú ṣòkòtò ọkọ rẹ̀. Ojú tì í bí olè tí wọ́n mú nínú ilé ara rẹ̀.

Nígbà tí ó wọlé, Olea kò rẹ́rìn-ín mọ́. Ó ti bu kọfí fún un, ó ti gé wàràkàṣì sórí búrẹ́dì.

"Bọ́ fìlà yẹn," ló wí, ohùn rẹ̀ sì lọ sílẹ̀ fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ìgbà tí wọ́n ti dé. "Ìyàwó, jẹ́ kí n bi ọ́ ní nǹkan. Ẹyẹ tó ń dá idì mọ̀ láti ibi tí èmi ò ti lè rí sánmà gan-an dáadáa, fìlà lo fẹ́ fi tan irú ẹ̀ jẹ?"

"Kí ni kí n ṣe nígbà náà? Ẹ̀yin lẹ ní ká fi súwẹ́tà sin ín."

"Èmi ni. Ìwọ ńkọ́, ṣé o ní rárá? Ìwọ lo wọ̀ ọ́ fún un, tí o tún fọwọ́ tẹ́ kọ́là rẹ̀."

Ragnfrid jókòó. Òótọ́ ni, òun ló tẹ́ kọ́là náà. Ó ti tẹ́ ẹ bí ẹni pé ọkọ òun fẹ́ jáde lọ bá àwọn ẹyẹ ni, inú rẹ̀ sì dùn díẹ̀ lọ́jọ́ náà pé ó wuyì. Omijé bọ́ sínú kọfí rẹ̀, kò nù ún.

"Nígbà tí òkun gbé bàbá wa lọ," ni Olea wí, "ta lo rò pé ó gba ẹyẹ wọlé lọ́dún náà? Ìyá wa ni. Ṣé ó wọ ṣòkòtò bàbá mi? Kò wọ̀ ọ́ o. Yẹ̀rì rẹ̀ ló wọ̀, ó gbé àga sétí omi, ó ń bó pọ̀tétò. Lójoojúmọ́. Èmi àti Eilert bi í pé kí ló ń ṣe, ó ní òun ń jẹ́ kí wọ́n wo òun títí ojú wọn á fi yó."

"Ẹ ò sọ èyí fún mi láti ọjọ́ yìí?"

"O ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀. Gbogbo ìgbà tí mo bá la ẹnu, o ní Iceland ti gbọ́."

Ni wọ́n bá gbé àga méjì sétí omi. Ragnfrid wọ aṣọ tirẹ̀, kaba búlúù tí ó fi ń ṣiṣẹ́ ilé, pẹ̀lú épúròònù rẹ̀ àti súwẹ́tà aláwọ̀ ọsàn tó ti ṣá. Ó ń tú ewé òkun gbígbẹ yẹ́lẹ́yẹ́lẹ́ sórí ẹsẹ̀, ó ń yọ òkúta àti ìkarahun kúrò nínú rẹ̀. Ó gba gèlè pupa lórí Olea, ó fún un ní òwú kó máa hun ìbọ̀sẹ̀, ó sì fún un ní súìtì kó fi dí ẹnu. Olea ń mu súìtì náà tìbínú-tìbínú. Lọ́jọ́ kìíní, àwọn ẹyẹ kò wo ọ̀dọ̀ wọn. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n wò. Afẹ́fẹ́ ń fẹ́ láti ìhà àríwá, òtútù ń wọ egungun, àwọn méjèèjì jókòó síbẹ̀ nínú aṣọ àná.

Ẹni tó bá jókòó pẹ́ báyẹn ní Skarvær, ó máa rí nǹkan. Àwọn erékùṣù tó kù tò lọ dé ibi tí ojú mọ, òmíràn kò ju òrùlé abà lọ, òmíràn jẹ́ òkúta kan tí omi ń bò tí ó tún ń ṣí. Lẹ́yìn wọn, àwọn òkè ilẹ̀ ńlá dúró pẹ̀lú yìnyín lórí, oòrùn sì ń rìn yí ká wọn láìfẹ́ wọ̀. Ragnfrid ti fi ọdún àti ọdún wo gbogbo rẹ̀ láti ojú fèrèsé, pẹ̀lú ìhùùhù lórí ẹsẹ̀ rẹ̀. Èyí ni ìgbà àkọ́kọ́ tí òun àti rẹ̀ máa wà láìsí gíláàsì láàárín, àyà rẹ̀ sì já. Ó rí bí omi náà ṣe pọ̀ tó. Ó rí bí ẹyẹ kan ṣe kéré tó lórí rẹ̀. Ó wá ń ṣe é ní kàyéfì pé ohun tó kéré báyẹn, tó ní gbogbo òkun yìí láti sùn sí, kò kà á sí àbùkù láti wá kan ilẹ̀kùn ẹ̀dá tó lè pa á jẹ.

Ọjọ́ Àjọ̀dún Orílẹ̀-èdè pé. Ní ilẹ̀ ńlá, àsíá ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ọmọdé ń fọn fèrè kiri ìgboro. Ní Skarvær, wọ́n tẹ́ àsíá sórí tábìlì ilé ìdáná bí aṣọ oúnjẹ, nítorí pé ohun tó bá ń fì lókè ń dẹ́rù ba ẹyẹ. Wọ́n jẹ ẹja sámọ́ńì àti pọ̀tétò lé e lórí, Olea kọ orin orílẹ̀-èdè ní ohùn ìsàlẹ̀, ó ṣi ọ̀rọ̀ ẹsẹ kejì pátápátá, wọ́n sì jáde padà sórí àga wọn.

Ọ̀sán gangan ni idì dé. Olea ló kọ́kọ́ rí òjìji rẹ̀ lórí omi. Ó gbá apá Ragnfrid mú. Idì náà tóbi, ìyẹ́ rẹ̀ gbòòrò bí ilẹ̀kùn abà, ó ń bọ̀ wálẹ̀ láti ìhà oòrùn láìyára rárá. Agbo ẹyẹ fọ́n ká. Àwọn kan rì sínú omi, àwọn kan fò. Àwọn abo tó kù, ojú èbúté ni wọ́n kọ sí. Wọ́n ń wẹ̀ bọ̀ tagbáratagbára, wọ́n ń lu omi, tààrà sọ́dọ̀ àwọn arúgbó méjì tó jókòó lórí àga.

Wọ́n dé. Wọ́n dé etí ẹsẹ̀ wọn. Ọ̀kan kọjá lábẹ́ àga Olea, àwọn tó kù há mọ́ àárín òkúta àti bàtà Ragnfrid, wọ́n ń mí hẹlẹ hẹlẹ, ọrùn wọn na sílẹ̀. Ó ń mọ ooru ara wọn lójúgun rẹ̀. Idì náà kọjá lókè, ó yí orí, ó wo àwọn èèyàn méjì náà pẹ̀lú ojú àwọ̀ iyeyè, ó sì gba ọ̀nà rẹ̀ lọ.  Ìbẹ̀rù ń bẹ nínú Ragnfrid, kì í sì í ṣe ìbẹ̀rù idì. Ó rí i pé òun ti di odi. Òun, Ragnfrid, tí ẹsẹ̀ ń dùn, tí kò lè gun àtẹ̀gùn láìsinmi, ẹ̀dá òkun ti sá di òun, idì sì ti gbà pé òun tó ẹni à á sá di.

Nígbà tí òfuurufú mọ́, àwọn ẹyẹ na ara, wọ́n gbọn ìyẹ́, wọ́n rìn padà sínú omi lọ́kọ̀ọ̀kan. Kò sí ọ̀kan tó gba ọ̀nà àwọn ilé lọ.

Olea tu súìtì tó wà lẹ́nu rẹ̀ sọ́wọ́. "Mo rò pé mo ti gbé e mì," ló sọ wúyẹ́wúyẹ́. "N ò mọ bó ṣe tún wà lẹ́nu mi." Ó ń sunkún, ó sì ń rẹ́rìn-ín pọ̀ mọ́ ọn.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, wọ́n gbọ́ ẹ́ńjìnnì kí wọ́n tó rí ọkọ̀. Hallvard ń sáré nítorí pé ìjì ń bọ̀, kò ráyè rántí pé ẹ̀gbẹ́ erékùṣù kékeré Rauholmen ni bàbá òun ti máa ń pa ẹ́ńjìnnì tí á sì máa fi àjẹ̀ wà á wọlé. Agbo ẹyẹ gbéra lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, wọ́n sì fò gba ẹ̀yìn erékùṣù lọ. Nígbà tí ọkọ̀ fi máa kan èbúté, omi mọ́ fééfé.

Hallvard sọ̀ kalẹ̀ nínú kóòtù iṣẹ́ tó ń tàn yòò, pákó léjìká, òòlù nínú ìgbànú.

"Ìwọ ọmọ yìí," ni Olea wí, kò sì rọra rárá, "o lé wọn lọ!"

"Àǹtí, ẹ kú ìjókòó. Mélòó ló ti wọlé?"

Olea wojú omi. Hallvard wo ìyá rẹ̀.

"Kò sí," ni Ragnfrid wí.

"Lánàá, wọ́n dé ẹsẹ̀ wa níbí," ni Olea wí. "Ọ̀kan wà lábẹ́ àga mi, mo fi Ọlọ́run búra!"

"Ṣé ó wọlé, Àǹtí?"

"Kò wọlé."

Inú Hallvard kò dùn sí i, ó hàn lójú rẹ̀. Ó gbé pákó sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀. "Màmá, mo lè dúró títí dọ̀sán. Ìjì ò ní jẹ́ ká pẹ́ ju ìyẹn lọ."

"A ti sọ ọ́ tán," ni Ragnfrid dáhùn. "Jẹ́ kí n lọ ti ilé wọn."

Ohun tí a kì í fi sílẹ̀ láìṣe nìyẹn. Bí onílé bá ń lọ, ó gbọ́dọ̀ fi òkúta dí ẹnu gbogbo ilé ẹyẹ, kí ẹyẹ má bàa wọ ibi tí kò sí èèyàn láti dáàbò bò ó. Ilé tó ṣí sílẹ̀ láìsí olùtọ́jú, irọ́ ni. Ragnfrid bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀. Ó ń gbé òkúta, ó ń bẹ̀rẹ̀, ó ń gbé e dí ẹnu ọ̀nà, ó ń dìde, ó ń di ẹ̀yìn mú. Eilert ló kọ́ èyí. Bàbá Eilert ló kọ́ ìyẹn. Èyí tó wà lẹ́bàá ògiri ilé-ẹ̀kọ́ tó ti wó, kò sẹ́ni tó mọ ẹni tó kọ́ ọ, àwọn òkúta rẹ̀ ti ju àwọn tó ń gbé wọn lọ lọ́jọ́ orí. Ó ń gbọ́ ìró òòlù Hallvard ní fèrèsé ilé, ìró náà ń wọ̀ ọ́ lára. Ní ìbẹ̀rẹ̀ ó ń ka ilé tó kù. Nígbà tí ó yá, kò kà wọ́n mọ́.

Ó ku ti ẹ̀yìn abà ọkọ̀. Ilé olókùúta ni, ó kéré, ewé òkun tó tẹ́ síbẹ̀ ní ìbẹ̀rẹ̀ ìgbà ìrúwé ṣì ń rùn. Ó gbé òkúta rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀, ó sì gbé e dé ẹnu ọ̀nà.

Ojú kan ń wò ó.

Ó dúró bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú òkúta lọ́wọ́. Nínú òkùnkùn ilé náà, abo ẹyẹ kan jókòó sínú ewé òkun, àwọ̀ rẹ̀ kò yàtọ̀ sí ti ewé náà rárá, bí kì í bá ṣe ojú tó ń dán. Àgbà ẹyẹ ni, àgógó ẹnu rẹ̀ ti gbó. Ìhùùhù díẹ̀ wà létí àyà rẹ̀, tútù yọ̀yọ̀, tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ tu. Òòlù ń dún, ẹ́ńjìnnì ti dún, gbogbo agbo ti fò lọ, òun kò lọ.

Òòlù dákẹ́. Hallvard ti ń bọ̀ lẹ́yìn ìyá rẹ̀, ó fẹ́ bá a gbé òkúta. Nígbà tí ó rí bí ó ṣe bẹ̀rẹ̀, ó sáré.

"Má sáré," ni Ragnfrid wí láìyí orí. "Bọ́ kóòtù yẹn."

Ó bọ́ ọ. Ó dúró nínú afẹ́fẹ́ tòun ti ẹ̀wù àwọ̀tẹ́lẹ̀. "Màmá? Ṣé ó wà níbẹ̀?"

Ẹyẹ náà dìde lẹ́sẹ̀ méjèèjì. Ọrùn rẹ̀ nà sí ẹnu ọ̀nà. Ragnfrid mọ ohun tó ń bọ̀: bí ó bá fi jáde, kò ní padà, bí ọ̀kan kò bá sì sí nínú ilé, ilẹ̀kùn kíkàn ló kù. Ó gbé òkúta sílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara rẹ̀. Ó kúnlẹ̀ sínú koríko tútù. Eilert mọ ohun tó máa ń sọ fún wọn, ó máa ń sọ ọ́ ní ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, kò sì wá sọ́kàn Ragnfrid rí láti bi í pé kí ni. Kò sí nǹkan kan lẹ́nu rẹ̀ bí kò ṣe òótọ́.

"Òun kọ́ o, ìyá," ló wí. "Má wulẹ̀ wá a mọ́. Eilert ti kú. A ti sin ín. Ragnfrid ni èmi, ìyàwó rẹ̀, èmi tí mò ń jókòó sídìí fèrèsé. N ò mọ̀ ọ́n ṣe bíi tirẹ̀. Ṣùgbọ́n èmi ni mo kù."

Ó na ọwọ́ wọlé, pẹ̀lẹ́, pẹ̀lẹ́, ó gbé àtẹ́lẹwọ́ sórí ewé òkun lábẹ́ àyà ẹyẹ náà. Ìka rẹ̀ kan ẹyin kan. Ó gbóná.

Ẹyẹ náà wò ó títí. Lẹ́yìn náà ó ṣe ara rẹ̀ rọ̀pọ̀tọ̀, ó yí ìdí sọ́tùn-ún, ó yí i sósì, ó sì jókòó lé ẹyin náà, ó jókòó lé ọwọ́ Ragnfrid pẹ̀lú.

Olea ti dé, ó di Hallvard mú láti má ṣubú, kò sì sí ìró kankan lẹ́nu rẹ̀. Hallvard ń nu ojú. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀ ó tẹ̀ síwájú lórí ìka ẹsẹ̀.

"Màmá, ilẹ̀ tutù. Ẹ dìde."

"N ò lè dìde," ni Ragnfrid wí. "O ò rí i pé ó jókòó lé mi lọ́wọ́ ni?"